Líǹkì "ẹ wá dán áàpù wò" tó ń kiri WhatsApp: kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an?

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ju líǹkì kan sínú grúùpù WhatsApp àdúgbò wa ní Under G níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ẹni tó bá ń dá àjọ kó tẹ̀ ẹ́, kó fi áàpù tó wà níbẹ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta, wọ́n á fi káàdì ₦1,000 ránṣẹ́ sí i. Kò tó wákàtí kan tọ́rọ̀ di ariwo. Àwọn kan ní yahoo ni, kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ o, àwọn kan ní báǹkì tuntun ló ń bọ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ fi kó nọ́ńbà wa ni. Ìyá kan tó ti tẹ̀ ẹ́ dé ìparí wá rí i lójú fóònù ẹ̀ pé "Ẹ ti san ₦20,000", àyà ẹ̀ já, ló bá gun ọ̀kadà ó di báǹkì ní Takie, ó ní kí wọ́n bá òun yẹ owó òun wò. Owó pé. Kọ́bọ̀ kan ò kúrò níbẹ̀, torí ohun tó tẹ̀ yẹn kì í ṣe áàpù rárá.

Èmi ni mo ni líǹkì náà. Dìsáìnì áàpù niṣẹ́ mi. Mo ti lọ bẹ ìyá yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ nìkan ò tó, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tá à ń ṣe yékéyéké, torí irú líǹkì báyìí á ṣì máa wá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí sì ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, láti LAUTECH títí dé Ọ̀yọ́ Aláàfin, àwọn náà á máa fi tiwọn ránṣẹ́.

## Tí kì í bá ṣe áàpù, kí ni?

Prototype là ń pè é. Ẹ wo bí télọ̀ ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ rán aṣọ ìyàwó. Kì í rán an pa lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ fi òwú so ó mọ́ra léréfèé, á ní kí ìyàwó wá wọ̀ ọ́ wò, á wo èjìká, á wo ìbàdí, ibi tó bá fún un ni á ti tú u. Tó bá jẹ́ pé ó ti rán an tán, tó ti lẹ òkúta dídán mọ́ ọn láyà, ká tó wá rí i pé apá ò wọlé, ẹ mọ̀ pé wàhálà ti dé nìyẹn.

Aṣọ tí wọ́n fi òwú so mọ́ra yẹn ni prototype. Àwòrán ojú fóònù ni, bí ogún tàbí ọgbọ̀n, tá a so pọ̀ tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ ibì kan, àwòrán kejì á yọ, á dà bíi pé áàpù ló ń ṣiṣẹ́. Figma, irinṣẹ́ dìsáìnì kan lórí kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe é. Kò sí báǹkì lẹ́yìn ẹ̀, kò sówó níbẹ̀, orúkọ tó wà nínú ẹ̀ àwa la kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdí tá a fi ń ṣe é ò le: àwọn tó máa kọ kóòdù áàpù gidi, owó ńlá ni wọ́n ń gbà, oṣù mélòó kan ni wọ́n sì máa lò, tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé àwọn èèyàn ò rí ibi tí wọ́n ti ń dá àjọ, owó ti wọlẹ̀. Àwòrán, ọ̀sán kan la fi ń tún un ṣe.

## Ta ni wọ́n wá ń dán wò?

Kì í ṣe ẹ̀yin. Mo fẹ́ kí èyí wọ àwọn èèyàn létí dáadáa, torí tá a bá ti pe "tẹ́ẹ̀sì" báyìí, WAEC àti JAMB ló ń sọ sí wa lọ́kàn, màmá míì á ní òun ò kàwé, kí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ. Rárá o. Usability test ni wọ́n ń pè é, bóyá nǹkan rọrùn ún lò fún ẹni tá a torí ẹ̀ ṣe é là ń wò. Tí èèyàn mẹ́rin bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà, a ò ní ní kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹnu ọ̀nà la máa lọ tún ṣe. Màmá tí ò bá rí bọ́tìnnì ti bá wa ṣiṣẹ́ ju ẹni tó rí i lọ.

## Kí ló dé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ẹ ronú àlejò kan tó sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, tó ń wá ilé yín ní Adéníké. Ẹ lè lọ pàdé ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa wá ọ̀nà fúnra ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó bá fẹ́ ṣìnà ẹ lè bi í pé "kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ fẹ́ fi yà?" Ìyẹn ni tẹ́ẹ̀sì tó ní olùdarí, ẹnì kan jókòó tì yín tàbí kó wà lórí fídíò, ó ń wò yín, ó ń béèrè ọ̀rọ̀.

Èkejì ni pé kẹ́ ẹ kọ àpèjúwe sínú ìwé fún àlejò, kó máa bọ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó síbì kan tẹ́ ẹ ti ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀ láti òkèèrè láì lè pè é. Ó yà síbi tí kò yẹ, ẹ ò lè pariwo. Ó dúró, ẹ ò mọ̀ bóyá ó ń ronú ni àbí ó ń ra omi mu. Èyí ni unmoderated, tí kò lólùdarí, pé ó sì ń ṣẹlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kálukú pẹ̀lú fóònù ẹ̀, níbi tó bá wà. Àwọn irinṣẹ́ bíi Maze, Useberry, UserTesting, tàbí Lyssna tí wọ́n ń pè ní UsabilityHub tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ dìsáìnì, ẹ gbé prototype yín síbẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè tẹ̀ lé e, wọ́n á fún yín ní líǹkì, ohun tí kálukú bá tẹ̀ á máa wọlé sọ́dọ̀ yín. Àwọn míì ń gba ojú fóònù àti ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Èrè ẹ̀ ni pé ó ná wa lówó díẹ̀, ogún èèyàn lè ṣe é lóòjọ́ kan náà, ìyá tó ń tajà lè ṣe é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tó bá ti padà sílé. Ohun tá a pàdánù ni ìbéèrè "kí ló dé?" Torí náà, tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ń rí nǹkan, tàbí ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ, tàbí nínú dìsáìnì méjì èwo ló yá wọn, líǹkì á ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdí tí àwọn oníṣòwò ò fi fọkàn tán fóònù pẹ̀lú owó àjọ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ gbé àga lọ sí Ọjà Jagun, ẹ lọ jókòó tì wọ́n.

## Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: bí wọ́n ṣe kọ ìbéèrè

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò sí níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ kọ ló dúró fún ẹnu yín. Mi ò mọ èyí dáadáa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún áàpù àjọ yìí, mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ tẹ Dá Àjọ Tuntun láti bẹ̀rẹ̀ àjọ." Èèyàn mẹ́jọ ló ṣe é, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló yege, kíákíá báyìí, inú mi dùn débi pé mo gbé e fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta aṣọ, mo ní kó bá mi ṣètò àjọ èèyàn mẹ́wàá, mi ò dárúkọ bọ́tìnnì kankan fún un, ó wo fóònù lọ wò ó bọ̀, ó fi ìka ẹ̀ kọjá lórí bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i. Ìdáhùn ni mo ti kọ sínú ìbéèrè nígbà àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́jọ yẹn ò wá ọ̀nà kankan, ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí mo kọ ni wọ́n ń wá.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ nísìnyí: "Ẹ̀yin àtàwọn mẹ́sàn-án míì nínú ọjà fẹ́ máa dá ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kó o kẹ́yìn. Ẹ bá wa fi áàpù yìí ṣètò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rò pé ẹ ti ṣe é tán, ẹ tẹ Ó tán."

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdí wà níbẹ̀, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lóòótọ́, iye owó wà níbẹ̀ kí wọ́n má baà máa ronú èyí tí wọ́n máa kọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì nínú ẹ̀. Àti pé "tẹ́ ẹ bá ti rò pé ẹ ti ṣe é tán", àwọn fúnra wọn ló máa sọ ìgbà tó parí, torí mo ti rí ẹni tó rò pé òun ti dá àjọ tán tí kò tíì dé ìdajì, ìyẹn gan-an léwu ju kéèyàn má rí i rárá lọ, torí pé nínú áàpù gidi, ẹni yẹn á lọ sùn pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ní kí wọ́n ṣe ju mẹ́ta, mẹ́rin lọ, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lápapọ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó rọrùn ṣáájú. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, tó bá sú wọn wọ́n á pa á dé ni. Ẹ má sì béèrè pé "ṣé ó rọrùn?" torí bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe le sí tàbí rọrùn sí, láti 1 dé 7, kí 7 jẹ́ èyí tó rọrùn jù.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Mo fi Yorùbá kọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú àmì, mo rò pé mo ti ṣe dáadáa, àṣé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa tó ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ, kíkà á lójú fóònù ò mọ́ wọn lára. Voice note ló yanjú ẹ̀, mo ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ ṣáájú líǹkì.

## Prototype náà lè tú àṣírí

Nínú Figma, tẹ́ ẹ bá tẹ ibi tí kò ní nǹkan, ó máa ń tan iná búlúù yí ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ ká. Ó dáa fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú tẹ́ẹ̀sì ó dà bí ìgbà tí tíṣà bá ń fi ojú júwe ìdáhùn. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ sí náà, nínú ọ̀pọ̀ prototype tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án orúkọ á kàn yọ fúnra ẹ̀, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má rò pé fóònù wọn ti bàjẹ́.

Àwòrán tó bá wúwo jù, fóònù kékeré ò ní gbé e, á máa yí ṣáá, dátà á máa jó, ẹni náà á jáde, ẹ̀yin á sì rò pé dìsáìnì ló sú u. Ẹ fi dátà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ṣí àwọn ọ̀nà àṣìṣe tẹ́ ẹ fura sí náà sílẹ̀, torí tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tẹ ibi gbogbo á dé ibẹ̀ dandan.

Kẹ́ ẹ tó wá pín in káàkiri, ẹ fún ẹnì kan tàbí méjì tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìbéèrè tí kò yé èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ gidi, ẹ má fọwọ́ kan prototype mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹwàá ò rí nǹkan kan náà.

## Èèyàn mélòó ló tó?

Ẹ máa gbọ́ "márùn-ún" lẹ́nu gbogbo èèyàn. Jakob Nielsen, onímọ̀ usability, ọmọ Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 2000, láti inú ìṣirò tí òun àti Tom Landauer ṣe ní 1993. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo á fi nǹkan bí 31 hàn nínú 100 àṣìṣe tó wà nínú dìsáìnì. Ẹnì kejì á tún kọsẹ̀ lára àwọn kan tí ẹni àkọ́kọ́ ti kọsẹ̀ lára wọn, díẹ̀ ló máa fi kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnì kẹta, nígbà tó bá fi máa di ẹnì karùn-ún ẹ ti rí nǹkan bí 85. Ó tiẹ̀ ní tówó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún, kẹ́ ẹ máa tún dìsáìnì ṣe láàárín.

Ṣùgbọ́n rírí àṣìṣe ni márùn-ún wà fún, kì í ṣe kíka iye. Tí mẹ́rin nínú márùn-ún bá yege, ẹ má lọ kọ ọ́ síbì kan pé 80 nínú 100 ń yege, torí pẹ̀lú èèyàn tó kéré tó báyẹn, òótọ́ ẹ̀ lè wà níbikíbi láti ibi tí kò tó 40 dé ohun tó lé ní 95. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ iye, ogún ni Nielsen fúnra ẹ̀ ní kó kéré jù. Àti pé tẹ́ẹ̀sì tí kò lólùdarí máa ń jò, àwọn kan á sá láàárín, àwọn kan torí káàdì nìkan ni wọ́n ṣe wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gbàràgbàrà kọjá. Tí mo bá nílò márùn-ún, mẹ́jọ ni mò ń pè.

Ta lẹ sì pè? Àwọn ọmọ LAUTECH ló sún mọ́ wa jù, fóònù wọn dáa, wọ́n tètè ń dáhùn, ṣùgbọ́n áàpù àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà ni tèmi, tí mo bá fi ogún akẹ́kọ̀ọ́ dán an wò, ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá wọ aṣọ ìyàwó wò sára àbúrò ẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tó máa yọ àwọn tí kò kàn, kẹ́ ẹ má sì béèrè "ṣé ẹ ń dá àjọ?" Ẹ ní "nínú oṣù tó kọjá, báwo lẹ ṣe tọ́jú owó?" kẹ́ ẹ to mẹ́rin, márùn-ún síbẹ̀ kí wọ́n mú. Ẹni tó ń wá káàdì ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

## Báwo la ṣe ń ka ohun tó bá wọlé?

Irinṣẹ́ yẹn á fún yín ní iye: àwọn tó dé ìparí, ìṣẹ́jú tí wọ́n lò, ibi tí wọ́n ṣì tẹ̀, àwòrán tó pọ́n níbi tí ọwọ́ pọ̀ sí. Gbogbo ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ fídíò kan fún yín, ó wá látinú líǹkì tó dá wàhálà sílẹ̀ yẹn.

Ìyá kan tó ń lọ ata ni. Mi ò rí ojú ẹ̀, ojú fóònù ẹ̀ nìkan ni mo rí, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ tá a fún un ni pé kó wo iye tó ti dá. Ó tẹ àwòrán àpò owó. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tẹ̀ ẹ́, èyí tó kẹ́yìn, ó fi ìka mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ń dúró kẹ́nì kan dá a lóhùn. Ó wá rọra sọ̀rọ̀, "Ṣé inú àpò kọ́ lowó ń wà ni?" Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹnì kan ké sí i pé "Màmá, ẹ bá mi lọ ata yìí," ojú fóònù dúró gbagidi fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ó padà dé, ó tẹ "Ó tán" láìrí iye tó ń wá, ó wá fún wa ní 7 nínú 7, ó ní ó rọrùn gan-an, ẹ kú iṣẹ́.

Tó bá jẹ́ iye nìkan ni mo wò, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni màá rí, màá ní ó lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ata ló gba ìdajì ẹ̀. Màá sì rí 7, màá ní inú ẹ̀ dùn. Àwa kì í bú iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkejì wa, ọ̀wọ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó yí padà, ohun tí mò ń sọ ni pé ìka ni kẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó wo ẹnu. Ọ̀rọ̀ àpò yẹn nìkan, òótọ́ ni, ta ló ń tọ́jú owó sínú àwòrán ilé? Bẹ́ẹ̀ inú àwòrán ilé ni mo fi iye náà sí.

## Tí líǹkì bá dé ọ̀dọ̀ yín ńkọ́?

Ẹni tó bá ń ṣe é lóòótọ́ á sọ irú ẹni tó jẹ́, á sọ ohun tó máa gbà sílẹ̀ àtẹni tó máa wò ó, á sì tọrọ àyè kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, wà fún ìyẹn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní "mi ò ṣe mọ́" kódà tẹ́ ẹ bá ti dé ìdajì. Kò ní béèrè PIN, kò ní béèrè BVN, kò ní béèrè nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kò sì ní ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó wọlé. Èyí tó bá béèrè ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ pa á rẹ́, ẹ sọ fún ará ilé.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń gba ojú fóònù sílẹ̀, ẹ pa alert àti WhatsApp lẹ́nu mọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ọkọ àtìyàwó já lu àárín fídíò, mo gé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti kìlọ̀ fún un.

Àpò yẹn ti ń ṣí báyìí, iye tí kálukú ti dá ló kọ́kọ́ ń yọ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú mo fi líǹkì tuntun sí grúùpù, pẹ̀lú orúkọ mi àti nọ́ńbà mi, mo sì kọ ọ́ sókè pátápátá pé àwòrán ni, owó ẹnì kankan ò ní kúrò. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ìyá tó gun ọ̀kadà lọ sí Takie, ó kà á lójú mi, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà sí i. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà.